Ìkíni Tí Wọ́n Gé Kúrò Lẹ́nu Ìyá Mi

Bí wọ́n bá ń sọ ìtàn àjọ̀dún fíìmù wa lórí rédíò lóde òní, wọn a ní agboolé kan ní Bẹyẹrúnkà ló ti bẹ̀rẹ̀, wọn a sì yára fò kọjá síbi tí àwọn òyìnbó ti dé. Agboolé wa ni agboolé kan náà. Bẹ́ẹ̀dì-ṣíìtì funfun tí a fi ṣe ojú sinimá lọ́dún àkọ́kọ́, ara ògiri yàrá ìyá mi la fi ìṣó kàn án mọ́. Mo wà níbẹ̀ nígbà tí àjọ̀dún náà kéré, mo wà níbẹ̀ nígbà tó di ńlá, inú mi ò sì dùn sí i mọ́. Mo tètè sọ ọ́ kí ẹnikẹ́ni má baà máa retí pé mo fẹ́ fi ẹnu ara mi yin ara mi.

Èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan la dá a sílẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi yìí ní kámẹ́rà, ìgbéyàwó àti ìsọmọlórúkọ ló sì fi ń yà kiri. Iṣẹ́ náà ti sú u. Ó ní gbogbo ìgbà ni òun ń ya àwọn tó ń jẹun, pé òun náà fẹ́ ya àwọn tó ń ṣiṣẹ́. Bẹ́ẹ̀ la ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í ya fíìmù ojú-ayé, ìyẹn fíìmù tí kì í ṣe eré, tí alágbẹ̀dẹ inú rẹ̀ jẹ́ alágbẹ̀dẹ lóòótọ́. A ya alágbẹ̀dẹ. A ya bàbá kan tó ti wa bọ́lẹ̀kájà nígbà ayé rẹ̀, tó ṣì ń fi ẹnu dún bí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ṣe máa ń dún. Lẹ́yìn náà, a ya ìyá mi.

Agbẹ̀bí ni ìyá mi, ní ilé ìgbẹ̀bí ìjọ Aládùúrà tó wà lẹ́yìnkùlé wa. Ọwọ́ rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọmọ àdúgbò bọ́ sí. Bí ẹ bá bá a rìn dé Ọjà'ba, ẹ ò ní tètè dé, torí bí ẹ bá ti pàdé ẹnì kan ni ìyá mi yóò sọ fún yín bí orí ẹni náà ṣe rí nígbà tó ń jáde bọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ yẹn yóò gbé òkú ọmọ pẹ̀lú. Ọ̀kan nínú àwọn tó pàdánù ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀ ni Ìyá Ẹlẹ́rọ, tó ń fi ẹ̀rọ lọ ata ní ojúlé kejì sí wa. Àkọ́bí rẹ̀ ni. Láti ọjọ́ náà, kò bá ìyá mi sọ̀rọ̀ mọ́. Ata tí a bá fẹ́ lọ̀, àdúgbò Ọ̀rányàn la ń gbé e lọ. Mo dàgbà tán kí n tó mọ̀ pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ayé ṣe ń lọ ata.

Lọ́dọ̀ tiwa, àgbàlagbà kì í la ẹnu sọ̀rọ̀ láì kí èèyàn. Àwọn tí a ń yà sì mọ̀ pé ará ilé ló máa wá wò ó, nítorí náà, bí a bá ti tan kámẹ́rà, ìkíni ni wọ́n ń kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, bí ẹni tó wọlé bá àwùjọ. Ti ìyá mi gùn ju ti gbogbo wọn lọ. Ó kí agboolé kọ̀ọ̀kan. Ó kí àwọn ọlọ́mọ, ó sì ṣàdúrà ọmọ fún àwọn tó ń wá a. Lẹ́yìn náà ló wá kúnlẹ̀, ó tẹ́ ọwọ́ méjèèjì síwájú, ó rẹ ohùn sílẹ̀.

Ó ní, "Ẹ̀yin tí ẹ wá bá mi, tí ẹ padà lọ́wọ́ òfo, mi ò gbàgbé yín o. Ẹ̀yin ará ojúlé kejì, mo kí yín. Ẹ kú ìrọ́jú. Mi ò ní ojú tí mo lè fi sọ ọ́ níwájú yín láti ọjọ́ yìí wá, ẹ jẹ́ kí n fi èyí sọ ọ́."

Ọ̀rẹ́ mi ní ó ti gùn jù. Mo bi í pé ta ló máa já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ àgbà lẹ́nu. A fi í sílẹ̀ bó ṣe wà.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ àjọ̀dún àkọ́kọ́ yẹn, bẹ́ǹṣì ṣọ́ọ̀ṣì la yá. Ìyá Ẹlẹ́rọ wá nítorí pé gbogbo èèyàn wá, ó sì lọ dúró sí ẹnu ọ̀nà, kó lè tètè lọ. Nígbà tí ìyá mi dé ibi ojúlé kejì nínú fíìmù, obìnrin náà fi gèlè bo ojú, ó bú sẹ́kún. Ìyá mi fúnra rẹ̀ wà lórí bẹ́ǹṣì, kò lè gbé orí sókè. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Ìyá Ẹlẹ́rọ wọlé wa, ó gbé igbá ata wa, ó lọ̀ ọ́ wá. Láti ìgbà náà, àwọn méjèèjì kì í ya ara wọn. Wọn a jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọn a máa bú àwọn ọkọ wọn tó ti kú. Ohun tí mo mọ̀ sí àjọ̀dún fíìmù nìyẹn, ohun yòówù kí wọ́n máa pè é báyìí.

Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í dàgbà. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, àwọn ará Oníyanrìn wá bi wá pé ìgbà wo ló máa kan àwọn. A kúrò lára ògiri, a bọ́ sí pápá ilé ìwé. Láti ibẹ̀, a gun òkè Màpó, àwọn èèyàn sì ń ru àpótí ìjókòó wọn tẹ̀ lé wa. Àwọn oníwèé ìròyìn dé. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì dé. Àwọn òyìnbó dé. Lẹ́yìn wọn ni ìgbìmọ̀ dé, àwọn èèyàn dáadáa tí ara wọn ń ta sánsán. Wọ́n ní ó yẹ ká ní òfin. Fíìmù gbọ́dọ̀ kúrú. Ó gbọ́dọ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì lábẹ́. Wọ́n gbé gbogbo rẹ̀ lọ sí hòtẹ́ẹ̀lì kan ní òdìkejì ìlú, níbi tí àgbàlagbà Bẹyẹrúnkà ò lè dé láì wọ mọ́tò méjì, tí òtútù ẹ̀rọ yóò sì tún lé e jáde. Mo sọ̀rọ̀ títí. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ọ̀rẹ́ mi di alága, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wọ jígí dúdú nínú ilé. Èmi di olùdásílẹ̀, ìyẹn ẹni tí wọ́n ń pè dìde kí wọ́n pàtẹ́wọ́ fún, tí wọ́n á sì ní kó jókòó.

Lọ́jọ́ kan, wọ́n ránṣẹ́ pé àwọn fẹ́ fi fíìmù ìyá mi ṣí àjọ̀dún ọdún náà, kí ayé lè rí orísun. Mo gbàgbé gbogbo ìbínú mi. Wọ́n fi bọ́ọ̀sì ránṣẹ́ sí agboolé wa. Ìyá mi gbé aṣọ òkè kan wọ̀ tó dàgbà jù mí lọ. Ìyá Ẹlẹ́rọ jókòó tì í nínú bọ́ọ̀sì, ó sì tún jókòó tì í nínú gbọ̀ngàn, wọ́n di ọwọ́ ara wọn mú nítorí òtútù.

Iná kú, fíìmù bẹ̀rẹ̀. Kò sí ìkíni. Ojú ìyá mi kàn yọ gàgà lára ògiri, ó sì ń sọ pé, "Mo ti gbẹ̀bí ọmọ tí mi ò lè kà mọ́. Ọwọ́ ire ni ọwọ́ mi yìí." Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Ó sọ̀rọ̀ díẹ̀ sí i, ó tán. Wọ́n tún pàtẹ́wọ́.

Ìyá mi fà mí láṣọ. "Ibo ni mo ti kí wọn?"

Ìyá Ẹlẹ́rọ yọ ọwọ́ rẹ̀ kúrò nínú ti ìyá mi, ó tún gèlè rẹ̀ wé, ó dìde, ó jáde. Nígbà tí a ń padà bọ̀, ẹ̀gbẹ́ dẹ́rẹ́bà ló jókòó sí.

Nígbà tí a dé ilé ló tó sọ̀rọ̀. "Ìyá Agbẹ̀bí, ẹ ti kó ọ̀rọ̀ yín jẹ. Ẹ rí èèyàn ńlá, ẹ ò fẹ́ kí wọ́n gbọ́ pé ọmọ kú lọ́wọ́ yín."

"Kì í ṣe èmi o! Wọ́n gé e ni."

"Wọ́n gé e lẹ́nu yín? Ẹnu ta ló ń sọ̀rọ̀? Ẹ fi èyí tó pé hàn mí, kí n gbà."

Kò parọ́, bó ṣe yé e nìyẹn. Ọ̀rọ̀ tó bá ti ẹnu àgbà jáde, àgbà náà ló ni ín. Ta ló tún lè wọ ibẹ̀ lọ yọ díẹ̀ kúrò?

Mo gba ọ́fíìsì ọ̀rẹ́ mi lọ. Mo ní kó fún mi ní fíìmù náà bí a ṣe yà á. Ó ní àwọn kásẹ́ẹ̀tì ti hu èéhù, pé àwọn dà wọ́n nù nígbà tí àwọn kó kúrò ní ọ́fíìsì àtijọ́, èyí tó kúrú yìí nìkan ló kù.

"Ìkíni lásán mà ni, ọ̀rẹ́ mi. Kò sí ìtàn kankan níbẹ̀. Àní àwọn èèyàn fẹ́ràn rẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i."

Mo pariwo lé e lórí débi pé àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ wá dúró sẹ́nu ọ̀nà. Mo jáde, mi ò mọ bí mo ṣe fẹ́ délé lọ sọ fún ìyá mi pé ohun tó ń wá kò sí láyé mọ́.

Mo sọ ọ́. Ó ní òun yóò lọ kí i lójúkojú. Ó lọ. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ojúlé kejì, ó ń sọ̀rọ̀, Ìyá Ẹlẹ́rọ sì tan ẹ̀rọ ata. Ó tún lọ, wọ́n tún tan án. Nígbà tó yá, kò lágbára ìrìn náà mọ́, ó ń rán mi, wọ́n ń tan ẹ̀rọ fún èmi náà. Báyìí ni ìyá mi ṣe kú, tí ẹnì kejì rẹ̀ kò yọjú síbi ìsìnkú. Wọ́n ní kí n fi í lé Ọlọ́run lọ́wọ́. Mo ti gbìyànjú, kò ṣeé ṣe.

Lọ́dún yìí, àjọ̀dún náà ti tóbi débi pé wọ́n lẹ pósítà rẹ̀ láti Bẹẹrẹ dé Ọjà'ba. Ìyá mi ló wà lórí rẹ̀. Ó wà lórí ìkúnlẹ̀, ó tẹ́ ọwọ́ méjèèjì síwájú. Mo mọ ibi tí wọ́n ti rí i. Ọ̀rẹ́ mi ti tẹ fọ́tò kan jáde láti inú fíìmù náà nígbà àtijọ́, ibi tó ti ń kí ojúlé kejì.

Ìyá Ẹlẹ́rọ ló já ọ̀kan lára ògiri, tó gbé e wá bá mi. Ó ní, "Kí ni wọ́n kọ síbẹ̀?"

Mo túmọ̀ rẹ̀ fún un. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ òṣì ni àjọ̀dún ọdún yìí dá lé, kí àwọn tó ní wá gbọ́ igbe àwọn tí kò ní.

"Wọ́n ní ó ń tọrọ owó?"

"Ohun tó jọ nìyẹn, Mà."

"Ìyá Agbẹ̀bí tí kò tọrọ iyọ̀ rí? Èmi ló kúnlẹ̀ fún!" Ó tún wo ìwé náà. "Àwọn wo ló ṣe èyí?"

"Àwọn náà ni, Mà. Àwọn tó ni fíìmù."

"Wọ́n kàn lè mú ẹni tó ń kí ni, kí wọ́n sọ ọ́ di alágbe, láì bi í?"

"Wọ́n lè ṣe é, Mà."

Ó jókòó sórí pèpéle. "Wọ́n gé e lóòótọ́ nígbà náà."

"Wọ́n gé e, Mà."

Ó ní kí n mú òun lọ síbi tí a sin ín sí. Kò jìnnà, ẹ̀yìnkùlé ni. Ó dúró lẹ́bàá sàréè. Ó ní, "Ẹ káàsán o, Ìyá Agbẹ̀bí." Ó wá dákẹ́, ó tẹ́tí, bí èèyàn ṣe ń ṣe bó bá kí àgbà. Èmi náà tẹ́tí.