Ọwọ́ Òsì àti Ọkùnrin Inú Káàdì

"Má fọwọ́ kan ojú ẹ̀! Etí ẹ̀ ni kó o dì mú."

Bàbá ò tiẹ̀ gbójú sókè tó fi sọ ọ́. Káàdì náà wà láàárín wa lórí tábìlì kíṣìnnì, wọ́n tẹ́ ẹ sórí aṣọ funfun bí ọmọ tuntun tí wọ́n fẹ́ sọ lórúkọ. Omi ń hó nínú kettle, òjò ń lu fèrèsé, òórùn ìpara tí Bàbá fi ń ra orúnkún ti gba gbogbo ilé. Mo nu ìka mi mọ́ ṣòkòtò school, mo rọra fi ìka méjì gbé káàdì yẹn létí. Ọwọ́ òsì ni mo fi gbé e. Òun náà ni mo fi ń ṣe gbogbo nǹkan láyé mi, títí kan bíba ayé ọ̀hún jẹ́, ṣùgbọ́n a ṣì ń bọ̀ níbẹ̀.

Bàbá yìí kì í ṣe ẹbí wa. Flat tó wà nísàlẹ̀ tiwa ló ń gbé, Ìjẹ̀bú sì ni bíi ti Mummy. Ìyẹn ti tó. Tí Mummy bá ní shift ní hospital, ọ̀dọ̀ ẹ̀ ni mo máa ń wà lẹ́yìn school, Grandpa ni mo sì ń pè é. Kó tó dé Manchester nílùú Ọba níbí, ó ti fọ abọ́ rí ní Amẹ́ríkà nígbà tó wà lọ́dọ̀ọ́, ní ilé oúnjẹ kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá baseball. Ibẹ̀ ló ti rí ọkùnrin tí àwòrán ẹ̀ wà lára káàdì yẹn. Pitcher ni. Òun ló máa ń ju bọ́ọ̀lù, ẹnìkan á dúró lọ́ọ̀ọ́kán pẹ̀lú igi, á máa wá bó ṣe máa gbá a. Alòsì sì ni pitcher yìí, bíi tèmi.

"Èrò rẹpẹtẹ dìde," Bàbá máa ń sọ, "wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún ọwọ́ òsì! Èmi tí bàbá mi máa ń so tèmi mọ́ ẹ̀yìn kí n tó jẹun."

Àtìgbà yẹn ló ti ń kó káàdì ọkùnrin náà jọ sínú agolo bisikíìtì, torí ọdọọdún ni wọ́n ń ṣe tuntun fáwọn agbábọ́ọ̀lù. Tó bá tò wọ́n sórí tábìlì, wàá rí gbogbo ayé ẹnìkan lẹ́ẹ̀kan náà. Á kọ́kọ́ jẹ́ ọmọdé ọlọ́rùn tẹ́ẹ́rẹ́ tí fìlà ẹ̀ tóbi jù ú lọ. Á sanra díẹ̀, irùngbọ̀n á yọ, jersey á yí padà. Nínú ti ìkẹyìn, ikùn ti yọ síta, ó sì ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun tán.

"Yí i padà," Bàbá á ní. Ẹ̀yìn káàdì ni wọ́n máa ń kọ ibi tó ti borí àti ibi tí wọ́n ti nà án. "Ojú ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yìn ẹ̀ ńkọ́? Ẹ̀yìn ló ń sọ òótọ́."

"Ah, Grandpa, wọ́n nà án níbí o! Wọ́n nà án gan-an."

"Ẹ̀ẹ́n. Ó ti ń dàgbà, apá ẹ̀ ti kú. Ṣùgbọ́n ó jáde síta sórí pápá, àbí kò jáde? Ẹni tí ò bá jáde, wọn kì í ṣe káàdì fún un."

Mo gbé ọ̀rọ̀ yìí lọ school bí ọba. Àwọn ọ̀rẹ́ mi kó káàdì àwọn agbábọ́ọ̀lù wọn jáde, mo ní tèmi, baseball ni. Ọ̀kan ní, "That's just rounders, mate." Rounders, eré ọmọdé tí wọ́n ń fi igi gbá bọ́ọ̀lù níbí, ni wọ́n ń pè mí títí mo fi kúrò níbẹ̀. Orúkọ kan ṣoṣo tí mo gbà jáde ní school nìyẹn.

Mummy ò bá baseball jà. Ọwọ́ òsì ló ń bá jà. Lọ́jọ́ Sunday kan ní church, mo na envelope thanksgiving sí pastor wa, mo fi òsì nà án. Mummy fẹ́rẹ̀ẹ́ wọlẹ̀. Nígbà tá a délé, ó so ríbọ́ọ̀nù pupa mọ́ ọwọ́ náà kí n lè máa rántí. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọ̀tún kọ̀wé, àfi bíi pé adìyẹ ló ń walẹ̀. Kò sì tán síbẹ̀. Ó ti gbọ́ pé Bàbá máa ń jẹ́ kí n fi òsì ju ìbọ̀sẹ̀ tá a ká bíi bọ́ọ̀lù láti ẹnu ọ̀nà dé kíṣìnnì.

"Daddy ìsàlẹ̀ yẹn ló ń bà ẹ́ jẹ́. Tí mo bá tún rí òsì yẹn níwájú àgbà, o ò ní débẹ̀ mọ́. Ṣé o gbọ́ mi?"

Mo gbọ́. Ta ló máa wá bá mi to káàdì?

Ọjọ́ tí mò ń sọ yìí, tí mo gbé káàdì létí, Mummy ló kanlẹ̀kùn. Ó wọlé pẹ̀lú uniform, ó kúnlẹ̀: "Ẹ kúùrọ̀lẹ́ sà, Daddy." Ó ní kí n dá nǹkan onínǹkan padà, ká máa lọ. Ẹ̀rù sọ mí di dìndìnrìn. Mo na káàdì sí Bàbá, ríbọ́ọ̀nù pupa ń jó fẹ̀rẹ̀fẹ̀rẹ̀ lọ́rùn ọwọ́ mi.

"Ọwọ́ wo nìyẹn?" Mummy pariwo. "Àgbàlagbà lò ń na òsì sí?"

Bàbá wo Mummy, ó wò mí, ó wá na ọwọ́ òsì tiẹ̀ náà jáde, ó fi gba káàdì. Mi ò rí àgbà tó ṣe bẹ́ẹ̀ rí.

"Wọ́n so tèmi, ọmọ mi," ó sọ fún Mummy, ohùn ẹ̀ lọ sílẹ̀. "Bá mi tú tiẹ̀."

Mummy mú mi jáde. Orí àtẹ̀gùn ló ti tú ríbọ́ọ̀nù náà. "Tó o bá ń fún àgbà ní nǹkan, ọ̀tún o! Ìyókù, ìwọ àti Ọlọ́run ẹ." Lọ́jọ́ kejì, ọ̀dọ̀ Bàbá náà ni mo wà.

Mo ti ń hu irùngbọ̀n nígbà tí rọpárọsẹ̀ kọlù ú, tí ọmọbìnrin ẹ̀ mú un lọ sọ́dọ̀ ara ẹ̀ ní Wigan, ìlú kan tí ò jìnnà. Èmi àti Mummy lọ kí i. Apá ọ̀tún ló kú, èyí tí wọ́n kọ́ ní gbogbo nǹkan. Òsì ló kù, èyí tí ò lọ school rí. Ó fi ń bu custard, ó ń dà á sáyà, ó ń fi ara ẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́: "Wọn ò jẹ́ kó kọ́ṣẹ́ kankan!" Ó wá fi mú káàdì ìkẹyìn yẹn, èyí tí ikùn ti yọ, ó nà án sí mi.

Mo na ọ̀tún, ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé. Kò fún mi. Ó kàn ń wò mí, ẹ̀rín ń bẹ lẹ́nu ẹ̀, títí mo fi na òsì.

Kò pẹ́ sígbà yẹn tí Bàbá fi kú. Mo wọ uni ní Manchester náà, mo sì fi ẹ̀kọ́ sílẹ̀ kí wọ́n tó mọ orúkọ mi dáadáa. Warehouse ni mo wà báyìí, mò ń ju páálí sórí páálí, pitcher tí ẹnikẹ́ni ò pàtẹ́wọ́ fún. Ọwọ́ ọ̀tún ni mo fi ń gbé tíì fún Mummy. Orí mi ò dàrú. Ṣùgbọ́n tí mo bá wà ní break, mo máa ń yọ káàdì náà nínú jákẹ́ẹ̀tì, mo máa ń di etí ẹ̀ mú, mo máa ń yí i padà. Wọ́n nà án, wọ́n nà án, ó ṣì jáde síta. Mo máa ń wá wo aago, mo máa ń dìde padà sídìí páálí.

Nígbà míì, tí kò bá sẹ́nì kankan nítòsí, mo máa ń na káàdì náà síwájú díẹ̀, bíi pé ẹnìkan fẹ́ gbà á. Òsì ni mo fi ń nà án.