Táyà Tí Màmá Àyìnkẹ́ Ń Ná

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá ni Màmá Àyìnkẹ́ Ikúmápàyí kú, níbi tí wọ́n ti ń ná táyà. Wọn ò ní mọ́tò. Wọn ò ní ọ̀kadà. Ọkọ̀ kan ṣoṣo tó wà nílé wọn ni ọkọ̀ ojú omi tí ọkọ wọn fi ń pẹja, ìyẹn ò sì ń wọ táyà. Síbẹ̀, Ahmed tó ń lẹ táyà ní Ladi-Lak, ní Bariga, sọ pé Màmá fọwọ́ lu táyà kan, wọ́n ní kí òun dín owó rẹ̀ kù, wọ́n jókòó lé e, wọ́n dákẹ́. Ahmed rò pé ìdúnàádúrà ni wọ́n ṣì ń ṣe.

Ẹ má wò mí báyẹn. Bí ọ̀rọ̀ bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín là á fi í rín, èmi sì ti rín in dé ibi ìsìnkú. Níbẹ̀ ni ọkùnrin tó ń ta àgádágodo ti ní Màmá máa ń ná ọjà òun. Ẹni tó ń ta síńgílẹ́ẹ̀tì ọkùnrin ní wọ́n máa ń ná tòun náà, wọ́n á tiẹ̀ nà án sáyà ara wọn wò. "Màmá yìí ò ra nǹkan kan lọ́wọ́ mi rí o," ló wí, gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín. Hadassah, ọmọ wọn, rín títí gèlè fi bọ́ lórí ẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wá sọ ìdí rẹ̀ fún wa.

Àyà ló ń dun Màmá. Ní ọdún méje sẹ́yìn, àwọn dókítà ki wáyà kékeré kan bọ iṣan ọkàn wọn tó ti dí, kí ẹ̀jẹ̀ lè rọ́nà kọjá. Ara wọn yá, wọ́n padà sídìí ẹja yíyan lójú omi Bariga. Àlejò ni wọ́n ń pe wáyà náà. Bí ẹ bá gbé ọbẹ̀ oníyọ̀ fún wọn, wọ́n á ní, "Àlejò mi ò fẹ́ iyọ̀ o." Ṣùgbọ́n nígbà tó pé ọdún mẹ́ta, ìrora náà padà dé. Bí wọ́n bá rìn díẹ̀, á dà bíi pé ẹnì kan gbé odó lé wọn láyà. Bí wọ́n bá dúró, á rọlẹ̀. Màmá ò sì fẹ́ dúró lásán lójú títì kí aráyé máa káàánú àwọn. Wọ́n á yà sídìí ọjà tó bá sún mọ́ wọn, wọ́n á ti oògùn bọ abẹ́ ahọ́n, wọ́n á máa ná an. Mo fẹ́ràn obìnrin yẹn, kí n má parọ́.

Ṣé wọn ò lọ sílé ìwòsàn ni? Wọ́n ń lọ déédéé, pẹ̀lú aṣọ tí wọ́n fi ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Hadassah sín in jẹ fún wa bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é. Dókítà Adégbénró, ọmọ tó mọ̀wàá hù, á dìde.

"Ẹ kú àárọ̀ mà. Ṣé ara le mà?"

"A dúpẹ́, dókítà. Ìyàwó ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́?"

"Wọ́n wà mà. Ẹ máa lo oògùn yín lọ."

Ó parí. Lọ́jọ́ kan, Hadassah ò lè mú un mọ́ra. Ó ní, "Dókítà, wọn ò lè rìn dé ìkòríta láìdúró." Dókítà yíjú sí Màmá: "Mà, ṣé lóòótọ́ ni?" Màmá wo ọmọ wọn bí ẹni tó ń tú wọn láṣìírí. Wọ́n ní, "Ọlọ́run ń bẹ, dókítà." Dókítà rẹ́rìn-ín, ó sì pe ẹlòmíì wọlé.

Ẹ jọ̀ọ́, kí ló ń retí? Ìyá Yorùbá wo lẹ kí, tó fi ìrora dá yín lóhùn? Ẹni tí ẹ̀mí ń bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀ gan-an, a dúpẹ́ náà ló máa wí. Ìkíni nìyẹn, ìbéèrè ṣì kù. Bí ìyá tó bí dókítà bá ń mí hẹlẹhẹlẹ, tó ní a dúpẹ́, ṣé á lọ sùn ni? Odindi ọdún mẹ́rin, ẹnikẹ́ni ò ní kí Màmá gun àtẹ̀gùn kan kí wọ́n wò ó, ẹnikẹ́ni ò sì yẹ iṣan yẹn wò bóyá ó tún ti ń dí. Ilé ìwòsàn wá ń sọ báyìí pé Màmá ò ráhùn rí. Ẹ káre o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ pe ìwà ọmọlúàbí ní ìlera.

Mo fẹ́ kí Dókítà Adégbénró àti ọ̀gá ẹ̀ wá sí Ladi-Lak lọ́sàn-án gangan, kí wọ́n fẹsẹ̀ rin ọ̀nà tí Màmá ń rìn. Kí wọ́n dúró níwájú gbogbo ìsọ̀ tí Màmá dúró sí, kí wọ́n bi àwọn ọlọ́jà ohun tí wọ́n rí. Ahmed ò tíì ta táyà yẹn. Kí wọ́n jókòó lé e. Àwọn ìyá mìíràn ṣì wà lórí bẹ́ńṣì ilé ìwòsàn yẹn lónìí, wọ́n ń tún gèlè wé, wọ́n ń múra àtidúpẹ́. Nítorí tiwọn la ṣe máa kí dókítà dáadáa: ẹ kú ìrìn o, ṣé ara le? Kó má sọ fún wa pé a dúpẹ́. Kó sọ ohun tó pa Màmá.