Hùn Tí Wọ́n Pè Ní Ariwo

Níbi tí wọ́n ti bí mi, lẹ́bàá Atakpamé, bí ènìyàn bá ń sọ̀rọ̀ tí ẹni tó ń gbọ́ ọ kò bá ṣe "hùn", olùsọ̀rọ̀ yóò dúró. Yóò wo ojú onítọ̀hún, yóò ní, "Ṣé o ti sùn ni?" Hùn yìí kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni, kì í sì í ṣe bẹ́ẹ̀ kọ́. Ohun tó ń sọ ni pé mo wà níbí, ọ̀rọ̀ rẹ ń wọlé, máa bá a bọ̀. Òkú nìkan ni à ń bá sọ̀rọ̀ tí a kò retí hùn lẹ́nu rẹ̀. Ìyá mi àgbà a máa fi bí hùn ọmọdé ṣe rí mọ irú àgbà tí yóò dà.

Mo fi èyí ṣíwájú nítorí pé hùn ni wọ́n torí rẹ̀ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ọmọbìnrin kan tí mo kọ́, mo sì fẹ́ sọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ lọ́la pé ọmọ náà kò mọ iṣẹ́.

Iṣẹ́ tèmi ni kí n máa gba àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ẹ̀kọ́ gíga nímọ̀ràn. Ẹni tí kò mọ ẹ̀kọ́ tó yẹ kó yàn, ẹni tó fìdí rẹmi nínú ìdánwò, ẹni tí bàbá rẹ̀ fẹ́ kó kọ́ òfin nígbà tí ọkàn rẹ̀ wà lọ́dọ̀ ẹran ọ̀sìn, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ń darí wọn sí. Mo ti pẹ́ lẹ́nu rẹ̀ débi pé àwọn tí mo gbà nímọ̀ràn nígbà kan ti ń mú ọmọ tiwọn wá. Nígbà tí ilé-ẹ̀kọ́ wa wá ṣí yàrá kéékèèké sí àwọn ìlú tó jìnnà sí olú-ìlú, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ lè máa kẹ́kọ̀ọ́ lórí ayélujára, wọ́n gba olùdámọ̀ràn tuntun sí yàrá kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ní kí àwa àgbà kọ́ wọn níṣẹ́, lórí ayélujára bákan náà. Ẹni tó bá parí ẹ̀kọ́ náà yóò gba ìwé-ẹ̀rí, yóò sì máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ẹni tí kò bá gbà á, ó dilé.

Wọn kò bi mí bóyá mo ní ibi tí n óò jókòó sí. Kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí mi, lẹ́tà kan ti yọ lójú rẹ̀ kó tó dé, lẹ́tà náà gan-an tí Faransé fi ń bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ tó túmọ̀ sí akẹ́kọ̀ọ́. Mo fẹjọ́ sùn. Wọ́n ní kí n máa fi ìka tẹ ihò rẹ̀. Mo ń tẹ ihò. Ní Agbonou tí mo ń gbé, ojú fèrèsé kan ṣoṣo ni nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ti ń wọlé, fèrèsé náà sì kọjú sí títì. Bí mo bá ń kọ́ni, ẹ̀yìn ni mo kọ sí ayé, àwọn ọlọ́kadà tí à ń pè ní sẹ́mí a sì máa fun fèrè kí ẹ̀yìn mi bí wọ́n bá ń kọjá lọ.

Ọjọ́ kìíní tí mo kọ́ wọn, ojú ni mo rí. Ojú kéékèèké nínú àpótí kéékèèké, kò sí ohùn kankan. Mo kí wọn, kò sẹ́ni tó jẹ́ mi. Mo bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́, mo sọ ọ́ títí. Ó dà bí ìgbà tí ènìyàn ń da omi sínú àmù tí kò mọ̀ bóyá ó nídìí. Mo dúró lágbedeméjì gbólóhùn.

"Ṣé ẹ wà níbẹ̀?"

Ọ̀dọ́mọbìnrin kan tí wọ́n fi sí yàrá ìlú Moretan ló ṣí míkró tó ń gbé ohùn rẹ̀ jáde. "Tàǹtí, a wà níbí o. Wọ́n ní ká pa ẹnu mọ́ ni."

"Ta ló ní kí ẹ pa á mọ́?"

"Òfin tó wà lójú ẹ̀rọ. Ó ní bí olùkọ́ bá ń sọ̀rọ̀, kí kálukú ti míkró rẹ̀."

"Ṣé òfin ló máa kọ́ yín ni? Ẹ ṣí i. Ẹ máa dá mi lóhùn bí ọmọ ènìyàn."

Ọkùnrin kan tó wà ní yàrá Notsé ṣí tirẹ̀. "Tàǹtí, ewúrẹ́ ilé wa wà nítòsí o. Ó lè fẹ́ bá wa kẹ́kọ̀ọ́."

"Bó bá mọ hùn ún ṣe, n óò bá a tọrọ ìwé-ẹ̀rí."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà ni kíláàsì mi ti di kíláàsì. Ọmọ agbègbè wa ni gbogbo wọn, Ifẹ̀, èdè tí à ń sọ nílé, yé wọn bí Faransé ṣe yé wọn, bí mo bá sì ń sọ̀rọ̀, hùn ń bọ́ sí i láti gbogbo ìlú. Bí hùn bá fẹ́ẹ́rẹ́, mo mọ̀ pé ohun tí mo sọ kò tíì yé ẹnì kan, n óò sì padà sẹ́yìn. N kò tọrọ àforíjì fún èyí. Bí a ṣe ń ṣiṣẹ́ ìmọ̀ràn nìyẹn. Ẹni tí kò lè fi hùn fa ọ̀rọ̀ jáde lẹ́nu ẹlòmíràn, kó lọ tajà.

Ọmọ Moretan yìí ló mọ̀ ọ́n ṣe jù. Hùn tirẹ̀ rọlẹ̀, ó gùn díẹ̀, kì í já lu ọ̀rọ̀. Mo ní kí kálukú mú ìṣòro kan wá láti yàrá rẹ̀, kí a jọ yẹ̀ ẹ́ wò. Èyí tí òun mú wá rèé.

Ìyá akẹ́kọ̀ọ́ kan ti oko wá bá a lọ́jọ́ ọjà, ó ní òun wá mú ọmọ òun kúrò. Ó ní ìdílé àwọn kò tíì rí irú ìtìjú yìí rí. Ọmọdébìnrin náà ń sunkún lẹ́nu ọ̀nà, ó kọ̀, kò wọlé. Olùdámọ̀ràn tuntun wa mọ̀ pé ọmọ náà fìdí rẹmi nínú ìṣirò, pé ó sì lè tún ìdánwò náà ṣe. Ó ti fẹ́ la ẹnu ṣàlàyé, ó rántí ohun tí mo kọ́ wọn, ó pa á dé. Ó ń ṣe hùn. Ìyá náà ń sọ̀rọ̀: bí òun ṣe tọ́ ọmọ náà, bí kò ṣe mú ohun olóhun rí, bí bàbá rẹ̀ kò ṣe lè jókòó láàárín ọkùnrin mọ́. Hùn. Hùn. Ìgbà tó yá ni ọ̀rọ̀ náà jáde lẹ́nu rẹ̀: wọ́n ní wọ́n ti fi ọmọ òun sí rattrapage.

Ẹni tí kò gbé ọ̀dọ̀ wa kò ní mọ ohun tí ìyá náà gbọ́. Rattrapage ni Faransé ń pe àtúnṣe ìdánwò. Ṣùgbọ́n nínú Faransé tí àwọn ará oko ń gbọ́ lẹ́nu àwọn agbófinró ojú títì, ohun tó jọ ọ́ jù ni attraper, èyí tí í ṣe pé kí wọ́n mú ènìyàn. Ohun tí ìyá náà gbọ́ ni pé wọ́n ti mú ọmọ òun, pé wọ́n sì ń bọ̀ wá tún un mú.

"Tàǹtí," ọmọ Moretan ní, "nígbà tí mo sọ fún un pé kò sẹ́ni tó mú ọmọ rẹ̀, ó bi mí pé, 'Nígbà wo ni wọ́n tú u sílẹ̀?'"

A rẹ́rìn-ín títí omi bọ́ lójú wa. Ifẹ̀ ló fi sọ ọ́, pẹ̀lú ohùn ìyá náà, pẹ̀lú ẹkún ọmọ náà, nítorí pé Faransé kò lè gbé e. Ọmọ náà tún ìdánwò ṣe, ó yege. N kò rí ẹ̀kọ́ tó dára tó ìyẹn rí nínú gbogbo èyí tí mo darí, kì í sì í ṣe èmi ni mo kọ́ ọ.

Àṣé ẹ̀rọ ń gbọ́. Wọ́n ti fi ohun kan sínú rẹ̀ tó ń gba ohùn wa pamọ́, tó sì ń kọ gbogbo ọ̀rọ̀ kíláàsì sílẹ̀, Faransé nìkan ló sì gbọ́. Ohun tí kò bá yé e, ọ̀rọ̀ kan ló ń kọ síbẹ̀: bruit. Ariwo. Nígbà tí wọ́n fi èyí tó kọ ránṣẹ́ sí mi, mo wá ìtàn ọmọ Moretan títí. Ariwo, ariwo, ariwo, láti òkè dé ìsàlẹ̀. Hùn wa, ariwo. Ọ̀rọ̀ ìyá náà, ariwo. Nínú gbogbo rẹ̀, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó dá mọ̀ ni rattrapage, ó dá dúró láàárín ariwo bí ẹni tó ṣìnà. Lábẹ́ rẹ̀ ni ìdájọ́ wà: olùkópa ti Moretan ló dí kíláàsì lọ́wọ́ jù, kò sì lẹ́tọ̀ọ́ sí ìwé-ẹ̀rí. Ẹni tó gbọ́ ọ̀rọ̀ jù lọ ni wọ́n pè ní aláriwo.

Mo pe ọ̀gá tó ń ṣàkóso ìdánilẹ́kọ̀ọ́ náà ní olú-ìlú. Ọkùnrin pẹ̀lẹ́ ni, n kò ní purọ́ mọ́ ọn. Faransé la sọ.

"Màdámù, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ máa wí, mo ń gbọ́."

Mo ní ẹ̀rọ yẹn kò gbọ́ èdè wa.

"Hùn."

Mo ní ohun tó pè ní ariwo, ẹ̀kọ́ ni.

"Hùn."

Mo ní ọmọbìnrin náà kò dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, pé èmi ni mo ní kí wọ́n ṣí míkró.

"Hùn."

Mo dúró. "Ọ̀gá, kí lẹ̀ ń ṣe yẹn?"

"Kí ni mo ṣe?"

"Ẹ ń ṣe hùn."

"Mo ń fetí sí yín ni, Màdámù."

"Mo mọ̀. Bí ẹ̀rọ yín bá wà láàárín wa báyìí, ariwo ni yóò kọ síwájú orúkọ yín."

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Màdámù, ẹ mọ ọ̀rọ̀ sọ."

"Kì í ṣe oríyìn ni mo wá gbà. Iṣẹ́ ọmọ ọlọ́mọ ni mo wá bẹ̀bẹ̀ fún."

"Èmi kọ́ ni mo fi òfin sínú ẹ̀rọ. Bí wọ́n ṣe gbé e dé ló wà nínú rẹ̀."

"Ta ló lè yọ ọ́?"

"A lè kọ̀wé sí àwọn tó ṣe é."

"Àwọn wo?"

"A ò tíì mọ ẹni tí a ó kọ ọ́ sí."

"Ẹ jọ̀ọ́, ohùn wa wà níbẹ̀. Ẹ mú ẹnì kan tó gbọ́ Ifẹ̀ jókòó tì yín, kí ẹ fi etí ara yín gbọ́ ọ."

"Bí mo bá gbọ́ tiyín, n óò gbọ́ ti gbogbo ènìyàn."

"Ẹ gbọ́ ti gbogbo ènìyàn, Ọ̀gá. Ṣebí iṣẹ́ yín nìyẹn."

Láti ibẹ̀ ni kò ti ṣe hùn mọ́. Mo ń sọ̀rọ̀, mo ń bẹ̀bẹ̀, ohun tó ń bọ̀ láti òdìkejì kò ju èémí lọ. Ó di dandan kí n bi í pé, "Ṣé ẹ wà níbẹ̀?" bí mo ti bi àwọn ọmọ mi lọ́jọ́ kìíní. Èmi ni mo fi ẹnu ara mi kọ́ ọ bí a ṣe ń pa á mọ́. Ní ìparí, ó ní ọmọbìnrin náà lè tún ẹ̀kọ́ náà ṣe nígbà tí wọ́n bá tún ṣí i. Mo ní, àyè rẹ̀ ní Moretan ńkọ́? Ó ní ẹlòmíràn yóò ti wà níbẹ̀.

Ẹ̀kọ́ kan ló kù kí n parí iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún mi. Wọ́n ti yọ ọmọ Moretan kúrò, wọ́n sì ti míkró gbogbo àwọn yòókù pa láti olú-ìlú. Kò sẹ́ni tó lè ṣí tirẹ̀ mọ́ bó tilẹ̀ fẹ́. Àkòrí ọjọ́ náà, wọn kì í sì í ṣe àwàdà, ni bí olùdámọ̀ràn ṣe lè mọ̀ pé akẹ́kọ̀ọ́ kò gbọ́ òun mọ́. Mo sọ̀rọ̀. Mo ń wo ojú wọn nínú àpótí, kò sí èyí tó mira. Mo ní lọ́kàn ara mi pé wọ́n ń fetí sílẹ̀ dáadáa lónìí, bóyá nítorí pé ó ń dùn wọ́n. Mo sọ ohun tí mo mọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ mi títí di òní, n kò fi ọ̀kan pamọ́.

Fóònù mi dún. Ọkùnrin Notsé ni.

"Tàǹtí, ẹ dákẹ́. Ẹ sinmi."

"Kí ló dé?"

"Nẹ́tíwọ̀ọ̀kì yín ti lọ. Ibi tí ẹ ti ń kí wa ni ẹ ti dì. A kò gbọ́ nǹkan kan."

"Kí ló ṣe ẹ̀yin náà tí ẹ kò tètè sọ fún mi?"

"Ẹnu dà, Tàǹtí? Wọ́n ti tì í. A kọ ọ́ sójú ẹ̀rọ, ẹ kò rí i. Mo wá ẹni tó ní nọ́ńbà yín títí."

Lẹ́yìn ìyẹn ni ìdájọ́ ẹ̀rọ dé lórí kíláàsì náà. Kò sí ariwo. Máàkì tó fún mi lórí ìkọ́ni ló ga jù nínú gbogbo èyí tí mo gbà rí. Mo kọ́ ògiri lẹ́kọ̀ọ́, wọ́n sì yìn mí.

N kò fẹ́ kí ọmọ Moretan gbọ́ ti iṣẹ́ rẹ̀ lórí fóònù, nítorí náà mo lọ bá a. Ọjọ́ ọjà ni. Sẹ́mí gbé mi gba ọ̀nà erùpẹ̀, nígbà tí mo fi dé, aṣọ mi ti pọ́n. Ó wà nínú yàrá náà, kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ti lẹ bébà kan mọ́ ara ògiri, ó kọ rattrapage sí i gàdàgbà, ó wá fi Ifẹ̀ kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: kò sẹ́ni tó mú ọ.

"Tàǹtí, ẹ kú ọ̀nà. Ẹ wo bí eruku ṣe ṣe yín. Ilé ńkọ́? Ẹ mu omi ná."

Mo mu omi. Ó jókòó níwájú mi.

"Mo bá ọ̀gá sọ̀rọ̀."

"Hùn."

"Mo sọ gbogbo rẹ̀, n kò fi nǹkan kan pamọ́."

"Hùn."

"Ó ní inú ẹ̀rọ ni òfin wà."

"Hùn."

"Ó ní kí o tún ẹ̀kọ́ náà ṣe nígbà tí wọ́n bá tún ṣí i."

Ó wo ara ògiri. "Èmi náà wọ rattrapage nìyẹn. Wọ́n mú mi, Tàǹtí."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín nínú wa. Èyí tó burú jù ṣì wà lẹ́nu mi, kò sì sí ọ̀nà tí mo lè gbé e gbà. Mo sọ fún un pé wọn kò ní dá àyè náà sí dè é, ẹlòmíràn ń bọ̀ wá gba kọ́kọ́rọ́.

Mo dúró de hùn. Ariwo ọjà ń gba ojú fèrèsé wọlé, ariwo gidi, ẹ̀rọ ìlọta àti ewúrẹ́ àti àwọn tó ń pe oníbàárà. Ó ń yí kọ́kọ́rọ́ náà po lọ́wọ́. Mo ṣì ní ọ̀rọ̀ ìtùnú tí mo ti tò sílẹ̀ láti Agbonou, mo tilẹ̀ ti la ẹnu. Nígbà tí n kò gbọ́ hùn, mo dákẹ́.