Ọba Olórí Mẹ́wàá ní Coolock

Òórùn kóòtù tí òjò pa àti ti èèpo ọsàn ló kún gbọ̀ngàn ilé-ìwé yẹn ní Coolock, àdúgbò kan ní Dublin. Ìgbà tí owó ń ya wọ ìlú náà ní Ireland ni, tí kírénì ìkọ́lé ga káàkiri ojú ọ̀run. Ìyàwó mi, kí Ọlọ́hun fi ọ̀run rere kẹ́ ẹ, ti ṣe tíṣà n'Ìbàdàn rí, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ọ́fíìsì ló ń nù nígbà náà. Obìnrin ará Íńdíà kan tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ló bẹ̀ ẹ́ pé kó wá máa sọ ìtàn àtijọ́ àwọn ẹlẹ́sìn Híńdù fún àwọn ọmọ, kí òun máa fi ijó ṣe é. Ọ̀gá ilé-ìwé ní òun á kọ́kọ́ wò ó ná. Ó ti pẹ́ tí ìyàwó mi ti ń wá bí yóò ṣe tún dúró níwájú àwọn ọmọ. Ara èmi náà kò balẹ̀. Mò ń lọ, mò ń bọ̀ lẹ́bàá ilẹ̀kùn.

"Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó. Ẹ̀ ń da ọkàn mi rú," ni ìyàwó mi wí.

"Mo ti jókòó," ni mo wí, lórí ìdúró.

Ó sọ ìtàn náà dáadáa títí ó fi kan ọba burúkú tó jí ìyàwó ọmọ ọba gbé. Orí mẹ́wàá ni ọba náà ní. Gẹ̀ẹ́sì ni ìyàwó mi fi ń sọ ọ́, ṣùgbọ́n orí tó ń sọ, orí tiwa ni. Ẹni tí orí kan ṣoṣo bá gbè, ayé rẹ̀ ti dára. Ẹni tó ní mẹ́wàá ńkọ́? Ló bá ń ròyìn wọn bí ẹni ń súre, àwọn ọmọ sì ń pàtẹ́wọ́ fún olè. Oníjó tó na ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá sókè bí orí ọba náà yíjú wò ó. Ọ̀gá ká apá lé àyà.

Ìyàwó mi rí wọn. Ó ní, "Nínú gbogbo orí yẹn, èwo ló sọ fún un pé ìyàwó oníyàwó kì í ṣe tirẹ̀?"

Ọmọbìnrin kan níwájú ló dáhùn: "Kò sí ìkankan, Mísì."

Oníjó bẹ̀rẹ̀ sí í ká ìka rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹnikẹ́ni kò pàtẹ́wọ́ mọ́. Nígbà tí ìka tó kẹ́yìn wálẹ̀, ọ̀gá tọ ìyàwó mi lọ, ó ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ńkọ́.

Wọ́n ní ọkọ ni orí aya. Bóyá ni. Èmi a máa sáré wọ inú ọ̀rọ̀. Òun ló máa ń dá mi dúró. Láti ìgbà tó ti lọ, mò ń bẹ̀rẹ̀ nǹkan, mò ń fi sílẹ̀, n kò mọ èyí tó yẹ kí n ti kọ̀. Orí tí ń sọ fún èèyàn pé rárá ṣọ̀wọ́n. Ọrùn ìyàwó mi ni tèmi wà.