Kìnnìún Ẹnu Géètì Wa

Ìjọba òyìnbó ò tíì lọ nígbà tí mo wà ní sẹ́kọ́ńdìrì. Mo ya àwòrán ìyá mi níbi tí wọ́n ti ń ro fùrẹ́jọ̀n, ẹ̀wà olómi àgbọn tí a máa ń sè ní Gúúdù Fúráìdè nílé wa ní Lafiaji.

Òyìnbó tó ń kọ́ wa ní àwòrán mirí. Ó ní kò jọ ti Áfíríkà, kí n lọ ya kìnnìún.

Inú bí mi. Ta ló wá bí mi? Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Èkó ló fẹ́ máa kọ́ mi ní ẹni tí mo jẹ́.

Ojú mi ò rí kìnnìún rí, àfi èyí tí bàbá bàbá mi fi símẹ́ǹtì mọ sórí òpó géètì wa, bí wọ́n ṣe kọ́ wọn níṣẹ́ ní Bùràsíìlì kí wọ́n tó padà wá sí Èkó. Òun ni mo yà.

Òyìnbó náà wò ó, ó ní, Áfíríkà gan-an nìyí.