Kọ́bọ́ọ̀dù Ìyá Mi àti Ẹ́ńjìnì Tó Ń Gbóná

Ọgbọ̀n ọdún ni bàbá mi fi wa bọ́ọ̀sì kan náà. Nígbà tí wọ́n fẹ̀yìn tì, wọ́n rà á lọ́wọ́ iléeṣẹ́, wọ́n tú àwọn àga inú rẹ̀ dànù, wọ́n sì sọ ọ́ di ilé. Ibùsùn wà níbẹ̀, sítóòfù wà níbẹ̀. Èyí tí wọ́n fi ń fọ́nnu jù ni kọ́bọ́ọ̀dù onídígí tí wọ́n kàn fún ìyá mi lẹ́yìn ọkọ̀, nítòsí ẹ́ńjìnì. Ìyá mi kò ní irú rẹ̀ rí. Wọ́n a nù ún láàárọ̀, wọ́n a tún nù ún nírọ̀lẹ́.

Ibì kan ṣoṣo ni ìyá mi fẹ́ kí ilé onítáyà yìí gbé wọn lọ: ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin tó ń gbé lórí òkè. Ẹsẹ̀ màmá yẹn kò gbé wọn sọ̀ kalẹ̀ mọ́, ó sì ti pé ọdún mẹ́ta tí tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ti ríra kẹ́yìn.

Ẹ̀ẹ̀mejì la gbéra, ẹ̀ẹ̀mejì la padà. Tí ọkọ̀ bá ti gun òkè dé ìdajì, abẹ́rẹ́ tó ń fi ìgbóná hàn a sáré dé ojú pupa. Bàbá mi a páàkì, wọ́n a ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan ìdérí rèdíétọ̀ tó ń fi omi tu ẹ́ńjìnì lára títí yóò fi tutù, a ó sì ṣẹ́rí padà sílé. Ìyá mi a kó ẹ̀bùn tí wọ́n dì fún ẹ̀gbọ́n wọn padà sínú kọ́bọ́ọ̀dù. Ìyẹn ló ń dun bàbá mi.

Wọ́n fọ rèdíétọ̀, wọ́n pààrọ̀ omi, wọ́n ra bẹ́líìtì fáànù tuntun. Mẹkáníìkì ọ̀rẹ́ wọn ní kí wọ́n máa fi gíà kékeré gun òkè, kí fáànù lè máa yára yí.

"Ṣé ìwọ lo máa wá kọ́ mi ní ọkọ̀ wíwà?" bàbá mi dá a lóhùn.

Mo fẹ́ràn bàbá mi, ṣùgbọ́n olóríkunkun ni wọ́n.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, lẹ́yìn tí ẹ́ńjìnì tí bàbá mi ń dán wò ti ń ṣiṣẹ́ fún bíi wákàtí kan, ìyá mi fa aṣọ kan yọ nínú kọ́bọ́ọ̀dù, wọ́n gbé e mọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́.

"Bàbá wọn, ta ló lọ aṣọ yìí? Ó gbóná."

Mẹkáníìkì tó ń bá wa mu tíì dìde. Ó fọwọ́ kan kọ́bọ́ọ̀dù náà, ó bọ́ síta, ó yí ọkọ̀ po, ó padà wọlé.

"Bàbá, ihò tí atẹ́gùn ń gbà bá ẹ́ńjìnì dà?"

Bàbá mi wolẹ̀. "Eruku ń gbabẹ̀ wọlé. Mo fi pákó dí i."

"Kí lẹ wá kàn mọ́ pákó yẹn?"

Gbogbo wa wo kọ́bọ́ọ̀dù. Ọkọ̀ tí bàbá mi ń tọ́jú láti ọjọ́ yìí wá, àwọn fúnra wọn ló dí i nímú. Ojú tì wọ́n. Wọ́n ní àwọn á wá ọgbọ́n mìíràn dá sí i.

"Ẹ gbé ayùn wá," ìyá mi wí. "Ẹ gé e."

"Ìyá wọn, kọ́bọ́ọ̀dù rẹ nìyí o!"

"Mo mọ̀. Ẹ gé e, kí n lè rí ẹ̀gbọ́n mi."

Wọ́n gé ìdajì rẹ̀ lọ, wọ́n yọ pákó, wọ́n sì fi páànù la ọ̀nà fún atẹ́gùn tààrà dé ọ̀dọ̀ ẹ́ńjìnì.

Nígbà kẹta, gíà kékeré ni bàbá mi fi gun òkè, wọ́n sì ní n ò gbọ́dọ̀ sọ fún mẹkáníìkì. Ìyá mi kò wo ọ̀nà rárá, abẹ́rẹ́ ni wọ́n ń wò. Àárín ló dúró sí títí a fi dé òkè. Inú mi dùn débi pé mo pàtẹ́wọ́ bí ọmọdé.

Èmi àti bàbá mi ran màmá náà lọ́wọ́ wọ inú ọkọ̀. Wọ́n fọwọ́ kan ibùsùn, wọ́n yẹ sítóòfù wò, wọ́n dé ìdí kọ́bọ́ọ̀dù.

"Háà! Nǹkan tó dára báyìí! Ta ló bà á jẹ́?"

"Èmi ni," ìyá mi dá wọn lóhùn. "Torí yín ni, ẹ̀gbọ́n mi."