Kòtò Tí Àǹtí Fẹ́yì Ń Yà Lójoojúmọ́

Àǹtí Fẹ́yì ti kú. Àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù kẹfà, ló kú, ní nǹkan bí aago méje ààbọ̀, nínú gọ́tà tó wà níwájú ilé tó ti ń gbé láti ọdún méjìlélọ́gbọ̀n, ní òpópónà wa ní Súrùlérè. Òjò ti ń rọ̀ láti ìdájí. Omi ti bo títì. Ó fẹ́ lọ ra búrẹ́dì. Kẹ̀kẹ́ Márúwá kan ń bọ̀, Àǹtí Fẹ́yì yà fún un, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì bọ́ sínú kòtò tí kánsù gbẹ́ lóṣù kìíní tí wọn ò bò. Ogójì ìṣẹ́jú lẹ́yìn náà ni wọ́n tó rí i ní ìpẹ̀kun òpópónà, níbi tí gọ́tà ti ṣí sílẹ̀.

Ọjọ́ kẹsàn-án rèé tí mo ń kọ èyí. Mi ò tíì sunkún. Àwọn èèyàn ń pè mí lórí fóònù, wọ́n ń ní kí n ṣe ọkàn gírí, mo ń sọ pé ẹ ṣé. Mo ń jẹun. Mo ń wẹ̀. Ṣùgbọ́n ó dà bí ẹni tí dókítà eyín gún lábẹ́rẹ́, tó ń fọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ ara rẹ̀ tí kò mọ̀ pé òun ló ni ín. Tí ẹ bá ń retí ọ̀rọ̀ ìdárò aládùn lọ́wọ́ mi nínú ìwé ìròyìn lọ́sẹ̀ yìí, ẹ má bínú. Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìkan ni mo ní.

Orúkọ rẹ̀ ni Fẹ́yìsayọ̀ Abọ́dúndé. Ẹni ọdún mẹ́tàdínláàádọ́rin ni. Ìjẹ̀ṣà ni àwọn òbí rẹ̀, wọ́n ń ta aṣọ ní Òtò, ibẹ̀ ni wọ́n sì bí i sí. Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi kọ́ àwọn ọmọ girama ní Yàbá bí a ṣe ń ya àwòrán. Ní ọdún 2004, ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ náà pè é, ó sọ fún un pé wọ́n ti yọ iṣẹ́ àwòrán kúrò nínú ohun tí àwọn ọmọ ń kọ́, kí ó máa lọ ṣọ́ yàrá ìkówèésí. Gbogbo ohun tó wà nínú yàrá ìkówèésí ọ̀hún ò ju àpótí ìwé méjì lọ. Nígbà tó délé lọ́jọ́ náà, ó gé ẹ̀gbẹ́ páálí bisikíìtì kan, kò fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, ó sì ya kọ́kọ́rọ́ kíláàsì tí wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ̀ sórí rẹ̀. Ó kọ déètì sẹ́yìn. Ó wí fún Ṣìmí, ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo, pé, "Bí wọn ò bá jẹ́ kí n kọ́ ọmọ wọn mọ́, ó yá, èmi ó máa kọ́ ara mi."

Lọ́jọ́ kejì ó ya òmíràn. Láti ìgbà náà, fún ọdún mọ́kànlélógún, kò fo ọjọ́ kan. Ó yà nígbà tí ibà dá a dùbúlẹ̀. Ó yà nígbà kòrónà tí ẹnikẹ́ni ò lè jáde. Lọ́jọ́ tí wọ́n sin ọkọ rẹ̀, bí àwọn àlejò ṣe ń jẹun lọ́wọ́, ó wọ yàrá lọ, ó ya awò ojú bàbá náà, ó tún jáde wá, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn èèyàn. Ó ya ìdajì tòmátì. Ó ya ẹyin kan lórí àwo. Ó ya ọwọ́ Quadri, tó ń lẹ táyà ní igun òpópónà wa, àti gíríìsì tó wà lábẹ́ èékánná rẹ̀. Kò ta ọ̀kankan rí. Inú páálí bàtà ló ń kó wọn sí, lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Wọ́n lé ní ẹgbẹ̀rún méje.

Nígbà tí ìyá mi kú, ní ọdún mẹ́fà sẹ́yìn, ó wá kí mi. Nígbà tó ṣe díẹ̀, ó yọ páálí kékeré àti búrọ́ọ̀ṣì nínú báàgì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ya sílípáàsì tí ìyá mi máa ń bọ́ sẹ́nu ọ̀nà, tí ẹnì kankan nínú wa ò tíì lè gbé kúrò. Inú bí mi díẹ̀. Mo ní, "Àǹtí, kí ló dé tí ẹ ò ya ojú wọn?"

Ó ní, "Túbọ̀sún, ojú ìyá ẹ, o ò lè gbàgbé ẹ̀. Sílípáàsì yìí lo máa gbàgbé."

Òótọ́ ló sọ. Tí kì í bá ṣe àwòrán yẹn, ǹ bá má rántí mọ́ pé ẹsẹ̀ òsì ti já, òwú dúdú ni ìyá mi sì fi rán an.

Irú ẹni tí mo ń sọ nìyẹn. Ẹni tó ń wo nǹkan ni. Ẹ fi èyí sọ́kàn o, nítorí ohun tí wọ́n ń sọ nípa rẹ̀ káàkiri báyìí ni pé kò wo ibi tó ń tẹ̀.

Ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kìíní ni agbaṣẹ́ṣe tí kánsù gbéṣẹ́ fún kó àwọn òṣìṣẹ́ wá sí òpópónà wa. Wọ́n ní àwọn fẹ́ tún gọ́tà ṣe. Wọ́n fọ́ síláàbù tó bò ó, wọ́n gbẹ́ ẹ jìn títí ó fi mu èèyàn dé ọrùn, wọ́n palẹ̀ mọ́, wọ́n lọ. Wọn ò padà wá mọ́. Ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, tí í ṣe àsìkò iṣẹ́ rẹ̀, Àǹtí Fẹ́yì jókòó sí bákónì, ó ya kòtò náà. Ó tún yà á lọ́jọ́ kejì. Kì í ṣe kòtò nìkan ló ń yà o. Ó ń ya ọsàn, ó ń ya ológbò, ó ń ya fìlà àlejò, ṣùgbọ́n kòtò náà á ṣáà wà níbì kan nínú àwòrán, bóyá ní igun, bóyá lẹ́yìn ológbò. Mo bi í pé kí ló dé.

"Ó wà níbẹ̀ ni," ló wí. "Ṣé kí n wá ṣe bí ẹni pé kò sí?"

Nígbà tí oṣù kejì dé tí a ò rí ẹnì kankan, ó ní kí Quadri bá òun ri igi kan mọ́ etí kòtò náà, ó so aṣọ pupa mọ́ ọn, kí àwọn tó ń kọjá lè mọ ibi tí kòtò wà bí omi bá bò ó. Igi yẹn náà wọnú àwòrán.

Ní ọjọ́ kejìlá oṣù kẹta, èmi àti òun lọ sí kánsù. Ó kọ lẹ́tà, ó sì mú mẹ́wàá nínú àwọn àwòrán náà dání. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Victor, tó wà ní ẹ̀ka iṣẹ́ òde, ló gbà wá lálejò. Ó gba lẹ́tà, kò já a, ó gbé ife tíì rẹ̀ lé e lórí. Àwòrán ló ń wò, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀n-ẹ́n, Mọ́mì, ẹ mọ nǹkan yà o! Ẹ̀yin lẹ ya gbogbo èyí?"

"Èmi ni, ọmọ mi. Kòtò tó wà nínú wọn la torí ẹ̀ wá."

"Ẹ fọkàn balẹ̀, Mọ́mì, a ti gbọ́. Ó ti wà lórí tábìlì wa. Ṣé ẹ ò lè ya èmi náà ni?"

Mo dìde kí á máa lọ. Àǹtí Fẹ́yì fọwọ́ kàn mí. Ó sọ fún Victor pé, "Jókòó dáadáa," bí ẹni ń bá ọmọ kíláàsì wí. Ó yọ ọ̀dà, ó yọ páálí, kò ju ogún ìṣẹ́jú lọ tó fi yà á tán: tábìlì, fáìlì, Victor tó gbé àyà síwájú, ife tíì, lẹ́tà tó wà lábẹ́ ife, àti orúkọ òpópónà wa tó hàn gedegbe lára àpò lẹ́tà náà. Victor fi fóònù rẹ̀ ya fọ́tò àwòrán náà, ó fi sí ojú Wásáàpù rẹ̀. Nígbà tí a dé ìta, mo bi Àǹtí Fẹ́yì pé kí ló ń ṣe ọkùnrin yẹn lóore fún.

Ó ní, "Mi ò ṣe é lóore kankan. Tòní ni mo yà."

Oṣù kẹta lọ. Oṣù kẹrin lọ. Oṣù karùn-ún náà lọ. A padà síbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, Victor ò sí lórí àga. Ní ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù kẹfà ni kánsù tó rántí wa. Àlejò pàtàkì kan ló fẹ́ gba òpópónà wa kọjá lọ ṣí ilé kan. Wọ́n kó àwọn òṣìṣẹ́ tó wọ aṣọ aláwọ̀ ọsàn wá, pé kí wọ́n tún ojú títì ṣe. Àwọn wọ̀nyí gbá ilẹ̀, wọ́n gbá etí kòtò náà mọ́ tónítóní, wọ́n sì fa igi aláṣọ pupa tu.

Quadri kígbe láti ibi tó ti ń lẹ táyà, "Ẹ fi í sílẹ̀ o! Òun ló ń jẹ́ ká mọ ibi tí kòtò wà!"

Ọ̀kan nínú wọn ní, "Ẹ̀gbọ́n, àṣẹ ni. Wọ́n ní ó ń ba ojú àdúgbò jẹ́."

Wọ́n jù ú sínú ọkọ̀ ìdọ̀tí. Àǹtí Fẹ́yì ń wò wọ́n láti bákónì. Ọkùnrin mẹ́ta tó wọ aṣọ aláwọ̀ ọsàn, tí ọ̀kan gbé igi léjìká, ló yà lọ́jọ́ náà. Ó ní kí Quadri bá òun wá igi mìíràn. Quadri rí i lọ́jọ́ Àìkú. Ó sọ fún mi lẹ́yìn ìsìnkú pé, "Ẹ̀gbọ́n, mo ti rí igi. Mo ní kí òjò dá ná ni." Ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Quadri kọ́ ló gbẹ́ kòtò.

Kánsù wa kì í ṣe ọ̀lẹ, ẹ má rò bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ kejì tó kú, wọ́n gbé síláàbù tuntun dé, wákàtí kan ò pé tí wọ́n fi bo kòtò náà. Awakọ̀ tó gbé e wá ló sọ fún mi pé síláàbù yẹn ti wà ní yáàdì wọn láti oṣù kejì. Lọ́jọ́ náà kan náà ni wọ́n gbé ìwé jáde. Wọ́n ní ó dun àwọn. Wọ́n ní àmúwá Ọlọ́run ni. Wọ́n ní ẹnikẹ́ni ládùúgbò ò fi ọ̀rọ̀ kòtò kankan tó àwọn létí rí, àti pé àwọn ọmọ ìta ló jí àmì tó wà níbẹ̀ lọ. Nínú ìwé ẹ̀rí ikú rẹ̀, ohun tí wọ́n kọ pé ó pa á ni "omi".

Omi! Ṣé omi ló fọ́ síláàbù? Ṣé omi ló gba lẹ́tà ní oṣù kẹta, tó gbé ife tíì lé e lórí? Ṣé omi ló wọ aṣọ aláwọ̀ ọsàn wá, tó fa igi tu nítorí àlejò pàtàkì? Omi òjò tó rọ̀ lọ́jọ́ náà ò ṣe ju ohun tí omi máa ń ṣe lọ. Ó wá ibi tó jìn, ó ṣàn lọ síbẹ̀. Ta ló ṣe ibi tó jìn sílẹ̀ dè é?

Lọ́jọ́ kẹfà, èèyàn mẹ́ta wá láti kánsù láti bá wa kẹ́dùn. Kánsílọ̀ àgbàlagbà kan ló ṣáájú wọn. Mo wà níbẹ̀. Lẹ́yìn tí ó ti gbàdúrà, ó ní alága fẹ́ kí ìdílé fún àwọn ní ọ̀kan nínú àwòrán Mọ́mì, kí àwọn gbé e kọ́ sí gbọ̀ngàn kánsù, kí orúkọ wọn má bàa parẹ́.

Ṣìmí ò bú u. Ó wọ yàrá lọ, ó gbé páálí bàtà mẹ́rin jáde, ó kúnlẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í to àwòrán sílẹ̀ láti ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kìíní títí dé ọjọ́ tó ṣáájú ikú ìyá rẹ̀. Ọgọ́jọ ó lé ọ̀kan. Ó pẹ́ kó tó tò ó tán. Àwọn àlejò ń gbé ẹsẹ̀ sókè kó lè ráyè. Nígbà tó parí, ó dìde, ó ní, "Ẹ mú èyí tó bá wù yín, sà."

Kánsílọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó tẹjú mọ́ ti ọjọ́ kejìlá oṣù kẹta. Ó mọ ojú tó wà níbẹ̀. Ó tún wo ti ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù kẹfà, ti àwọn ọmọ ìta tó wọ aṣọ kánsù. Ó wá rọ ohùn rẹ̀ sílẹ̀, ó ní, "Ọmọ mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí àwọn oníròyìn rí èyí o."

Wọn ò mú ọ̀kankan. Wọ́n rọra ń fi ẹsẹ̀ wá àyè láàárín àwòrán títí wọ́n fi dé ẹnu ọ̀nà. Wọ́n mọ bí wọ́n ṣe ń ṣọ́ ibi tí wọ́n ń tẹ̀, nígbà tó bá wù wọ́n.

Èmi ni oníròyìn tí wọ́n ní kó má rí i. Mo ti rí i. Mo sì ti lọ sí kánsù lẹ́yìn náà, mo rí ohun mìíràn. Wọ́n to orúkọ àwọn iṣẹ́ tí wọ́n ti ṣe lọ́dún yìí sára ògiri, kí gbogbo ayé lè kà á. Iṣẹ́ gọ́tà òpópónà wa wà níbẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ pé ó parí ní ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù kejì. Ẹnì kan rìn wá sí òpópónà wa, tàbí kó má tilẹ̀ rìn wá rárá, ó sì fọwọ́ sí i pé ó ti parí.

Mo fẹ́ orúkọ ẹni náà. Mo fẹ́ kí Victor jókòó síwájú ìgbìmọ̀ ìwádìí, kí wọ́n gbé àwòrán rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kó wá tún un sọ pé àwọn ò gbọ́. Mo fẹ́ kí adájọ́ wádìí ikú yìí, kí wọ́n sì pa ọ̀rọ̀ yẹn, "omi", rẹ́ kúrò nínú ìwé Fẹ́yìsayọ̀ Abọ́dúndé.

Nítorí agbaṣẹ́ṣe yẹn ò fọ́ síláàbù níbì kan ṣoṣo. Ibi méje ni. Ọ̀kan ni wọ́n bò, èyí tó ti pa èèyàn. Mẹ́fà yòókù ṣì ṣí sílẹ̀ títí di òní, ọ̀kan nínú wọn sì kọjú sí ẹnu ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́ jẹ́lé-ó-sinmi. Oṣù keje la wà, òjò ò tíì lọ. Kí ẹni tó fọwọ́ sí i pé iṣẹ́ ti parí jáde wá láàárọ̀ ọ̀la, kó dúró síwájú ẹnu ọ̀nà yẹn nígbà tí àwọn òbí bá ń fa ọmọ wọn lọ́wọ́ bọ̀, kó sọ orúkọ rẹ̀ fún wọn.